Ilé Ìgbẹ̀bí tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tì Pa

Ilé wa, lọ́nà Ìmùṣin,
Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́ Ajé.

Adétọ́lá, Àjọkẹ́ mi, ọmọ Alárè,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú àjò ilẹ̀ Ẹ̀gbá. A gbọ́ pé yàrá tí o gbà kò jìnnà sí ọ́fíìsì, àti pé onílé rẹ kì í jà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ara ìyá rẹ le ju tèmi lọ, ìbínú ló ń gbé e ró. Ohun tí ó fa ìbínú náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé yóò wá bá ọ ní ọ́fíìsì rẹ lọ́jọ́bọ̀.

Ìlú ń bọ̀ wá kí ọ. Ẹgbẹ́ régberégbe mi ni, àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, àti àwọn ìyá ìjọ, pẹ̀lú àpò gàrí àti ewùrà tí wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn ti wà lára àwọn tí ń pín owó ìlera ìpínlẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, inú wọn sì ń dùn ju ti ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ lọ. Wọ́n fẹ́ kí o fi owó sí ilé ìwòsàn ńlá wa tí ó dúró sí ìdajì láti ayé àwọn olóṣèlú, kí ó lè parí. Ìyá rẹ ni yóò ṣíwájú wọn. Wọ́n ní kí èmi kọ lẹ́tà ṣáájú láti tún ọ̀nà ṣe. Èmi náà rèé tí mò ń kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o sọ fún wọn pé rárá.

Má tíì ju ìwé náà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa ní Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀. Fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí n kò ní kọ irú èyí sí ọ mọ́. Ojú mi kò dára tó bẹ́ẹ̀, ọkàn mi pàápàá kò sì gbà á.

O mọ̀ pé iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Irú wolé-wolé tí mo jẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o kò mọ̀. Wọ́n fún mi ní ṣòkòtò kúkúrú kákí àti fìlà, mo sì rò pé mo ti jọba. Mò ń wọ ilé àwọn opó, mò ń yọjú sínú ìkòkò omi wọn, bí mo bá sì rí ìdin ẹ̀fọn níbẹ̀, kóòtù yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé oníṣòwò pàtàkì kan wà ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, gọ́tà ibẹ̀ dúró bí adágún, gbogbo ẹ̀fọn àdúgbò ń ti ibẹ̀ wá. N kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé ọkùnrin náà ń bá àwọn ọmọ káńsù jẹun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni mo pa títí, mo sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kìn-ín-ní nìyí. Nígbà tí wọ́n bá jókòó ní ọ́fíìsì yín tí wọ́n ní owó kò tó mọ́, kí a gé e, máa wo ibi tí ọ̀bẹ ń lọ. Ibi tí owó ti ń ṣòfò kọ́ ló ń lọ. Ibi tí kò sí ẹni tí yóò pariwo ló ń lọ. Wọn kò ní gé ọkọ̀ ọ̀gá àgbà. Wọn kò ní gé owó tí ẹni ńlá fi ń lọ wo ojú ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó oṣù pàápàá wọn kò lè gé tán, nítorí òṣìṣẹ́ lè daṣẹ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú ti ilé ìgbẹ̀bí abúlé ni wọn yóò gé, nítorí aboyún abúlé kò mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Mi ò sọ pé o lè dá ọ̀bẹ náà dúró. Mo ní kí o má ṣe bí ẹni pé o kò rí i.

Èkejì, iṣẹ́ tí ó dára jù nínú iṣẹ́ ìlera kì í ní ẹlẹ́rìí. Ọmọ tí ibà kò ṣe nítorí pé a fa omi adágún gbẹ, ọmọ náà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe òun lóore. Bàbá rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn dìbò fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí a kùn ní ọ̀dà funfun, tí a gbẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣí i sára òkúta, gbogbo ojú ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tí olóṣèlú fi fẹ́ràn sìmẹ́ńtì ju oògùn lọ. Sìmẹ́ńtì ní kọngilá, kọngilá ní ẹ̀bùn, ẹ̀bùn sì ní ẹni tí ń gbà á. Oògùn ní tirẹ̀, bí aláìsàn bá ti gbé e mì, ó parí. Wọ́n máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí ó gùn tí wọ́n fi ń bo èyí mọ́lẹ̀. Bí o bá gbọ́ ọ, rántí bàbá rẹ.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, n ó sì sọ ọ́ gùn, nítorí òun ni ìlú ń torí rẹ̀ bọ̀.

O rántí ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí ó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Régberégbe ti bàbá mi ló fi amọ̀ mọ ọ́n, tí wọ́n fi páànù bò ó, káńsù sì fún wọn ní agbẹ̀bí àti oògùn. Ilé náà kò ga, ògiri rẹ̀ kò sì gún. Fíríìjì tí ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni agbẹ̀bí ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró sí. Obìnrin Ayépé kan, Nọ́ọ̀sì Ṣógbẹ̀san, ló wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀yin ọmọdé ń sá fún un bí ẹ bá rí aṣọ funfun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ la bí ọ sí, ọwọ́ rẹ̀ la bí ẹ̀gbọ́n rẹ Gbénga sí.

Nígbà tí àwọn olóṣèlú dé, wọ́n ní ìwòsàn di ọ̀fẹ́. N kò ní parọ́, ó dùn. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, oògùn ń dé, kò sí ẹni tí ń bèèrè bí yóò ṣe rí lọ́la. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ńlá fún àwọn ará òkè odò. Wọ́n ti ri pátákó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wá, o mọ̀ wá dáadáa. Kí aládùúgbò ní ohun tí àwa kò ní, oúnjẹ kò lè lọ lọ́nà ọ̀fun wa. A rán kánsẹ́lọ̀ wa lọ wádìí. Ó padà wá, ó ní ìlú tí kò ní ilé ìtọ́jú kankan ni ìjọba fẹ́ kọ́ tuntun fún, àwọn alábẹ̀wò sì ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i.

Ẹgbẹ́ wa ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dìde, ó ní, "Bí wẹ́n bá rí i pé a ti jẹun, wẹ́n ò ní gbé oúnjẹ wá mọ́." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. A wá pinnu pé kí a sọ ilé ìgbẹ̀bí náà di ohun tí kò sí. A yọ pátákó rẹ̀. A kó àwọn ibùsùn lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Èmi tí mo ti ṣe alábẹ̀wò rí ni wọ́n bi léèrè bí àwọn alábẹ̀wò ṣe ń wo nǹkan. Mo dáhùn, pẹ̀lú ìgbéraga, pé kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú yàrá méjèèjì, kí ó lè máa rùn bí abà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí mi pé.

Nọ́ọ̀sì Ṣógbẹ̀san ń wò wá láti ìloro, ó ń to àwọn ìgò rẹ̀ sínú páálí. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pè mí. Ó ní, "Bàbá Gbénga, ta ni yóò gbẹ̀bí bí ẹnì kan bá rọbí lọ́la?"

Mo ní kí ó má mikàn, ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn alábẹ̀wò wá, wọ́n gbóòórùn ẹ̀gẹ́, wọ́n gbà wá gbọ́. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún wa, ìyá rẹ sì jó lọ́jọ́ náà títí bàtà rẹ̀ fi já. Kò pẹ́ tí káńsù gbé Nọ́ọ̀sì Ṣógbẹ̀san lọ sí ibòmíràn. A kò lè dá wọn dúró. Báwo la ṣe fẹ́ ní kí wọ́n fi agbẹ̀bí sílẹ̀ ní ìlú tí àwa fúnra wa sọ pé kò ní ilé ìgbẹ̀bí?

Ilé ńlá náà ń gòkè bọ̀ títí ó fi ga ju fèrèsé lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní epo rọ̀bì kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ lọ́jà àwọn òyìnbó. Kọngilá ní wọn kò sanwó fún òun, ó kó ẹ̀rọ tí ó fi ń po sìmẹ́ńtì lọ. Ìdìbò dé, ìdìbò lọ, àwọn ológun gbàjọba, ìwòsàn ọ̀fẹ́ sì parí. Ẹni tí ń ṣàìsàn ń ra káàdì, ń ra òwú, ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà yóò fi fọwọ́ kàn án. Koríko hù nínú wọ́ọ̀dù wa tí kò ní òrùlé. Àwọn ará òkè odò pàápàá, pátákó lásán ni tiwọn dúró sí, ìyẹn nìkan ló tu àwọn kan nínú ní ìlú wa.

Àwa àgbà wá gbọ̀nà káńsù lọ, pé kí wọ́n dá ilé ìgbẹ̀bí kékeré wa padà, kí wọ́n fún wa ní agbẹ̀bí kan ṣoṣo. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ tó mọ̀wàá hù. Ó fún wa ní ìjókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ìlú yín kò ní ilé ìgbẹ̀bí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀." Ó ní tuntun ni yóò jẹ́ bí àwọn bá ṣí i, ìjọba sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí tuntun mọ́. Irọ́ tí a pa ti di òótọ́ ìjọba.

Adétọ́lá, èyí ni mo fi ń sọ fún ọ pé bí owó ìjọba bá ń lọ sí ibi tí ẹni tí ó mọ ènìyàn wà, gbogbo ìlú ni yóò kọ́ bí a ṣe ń purọ́. Ìlú tí ara rẹ̀ le yóò ṣe bí aláìsàn, èyí tí ó ń kú lọ yóò fi ọ̀dà kun ojú. Má rò pé àwọn olóṣèlú nìkan ló ba nǹkan jẹ́. Àwa náà gbé ọwọ́ wa sí i.

Mo fẹ́ dé ibi tí ó le báyìí.

O kò sí nílé nígbà tí Yétúndé, ìyàwó Gbénga, kú, ìdánwò ló dá ọ dúró ní Ìbàdàn. A sọ fún ọ pé ibi ọmọ ló bá a, o sunkún, o kò sì bèèrè mọ́. N ó sọ bí ó ṣe rí fún ọ. Ọjọ́ ọjà ni. Ọmọ rẹ̀ wálẹ̀ láàárọ̀, nínú yàrá ìyá rẹ, ó sì ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìloro ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni mò ń wò láti ojú fèrèsé wa, Tọ́lá, tí wọ́n kó iṣu sí. Gbénga wá ọkọ̀, ìyá rẹ gbé orí ìyàwó lé ẹsẹ̀, wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìgboro tí n kò ní dárúkọ. Ilé alájà ni. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọn kò sì hùwà ìkà sí wọn. Dókítà náà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ sí ìwé, ó ní kí Gbénga sáré lọ rà á níta nítorí pé tiwọn ti tán. Abẹ́rẹ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Ṣógbẹ̀san máa ń tọ́jú sínú fíríìjì rẹ̀. Gbénga lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, kò sí. Ó lọ sí òmíràn. Nígbà tí ó fi rà á dé, ìyá rẹ ti fi ìborí rẹ̀ bo Yétúndé lójú. Ọmọ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, a wà níbẹ̀ púpọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń sọ pé ká ní ilé ìwòsàn ńlá wa ti parí ni, ìyàwó òun ìbá má kú. Èmi ń sọ pé ká ní a kò ti ilé kékeré wa pa ni. A ti fi ọ̀rọ̀ yìí jà débi pé Gbénga kì í wá jẹun lọ́dọ̀ wa mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n wò ó fúnra rẹ, ìwọ tí o kàwé. Inú ilé ńlá ni Yétúndé kú sí. Òrùlé wà lórí rẹ̀, dókítà dúró tì í. Ohun tí kò sí ni ohun kékeré tí ń wọ inú àpò. Bí o bá fi owó parí ilé wa, wọn yóò wá ṣí i, wọn yóò ya fọ́tò, yóò sì di ibi tí a ti ń kọ orúkọ abẹ́rẹ́ sí ìwé fún ọkọ ẹlòmíràn kí ó lọ máa sá kiri. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni wọn yóò fi ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ìkarùn-ún, n kò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Má gba gàrí wọn kí o tó dá wọn lóhùn. Dáhùn tán ná, kí o wá na ọwọ́. Bí wọ́n bá gbé e padà wálé, a jẹ́ pé ẹ̀bùn kọ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀, gàrí wa dára, o mọ̀, Ẹ̀gbá kò ní irú rẹ̀.

Bí wọ́n bá bèèrè ohun tí o lè ṣe, sọ òótọ́ fún wọn. Sọ pé o máa tiraka kí a tún kọ orúkọ ilé ìgbẹ̀bí abúlé padà sínú ètò, tiwa àti ti àwọn tí wọn kò ní ọmọ ní ọ́fíìsì yín, kí agbẹ̀bí kan àti fíríìjì kan wà níbẹ̀. Má fi tiwa ṣíwájú nítorí pé tiwa ni. Má sì ṣèlérí. Èmi kò rò pé wọn yóò gbà fún ọ. Ọmọ kékeré ni ọ́ níbẹ̀, àwọn tó jù ọ́ lọ ti mọ ibi tí owó ń lọ kí o tó dé. Wọ́n tún ń sọ pé gbèsè orílẹ̀-èdè pọ̀, pé owó tó kù kò ní kọjá owó oṣù. Ó ṣeé ṣe kí o kọ ilé ńlá sílẹ̀, kí owó náà má sì di abẹ́rẹ́, kí ó lọ di ilé ńlá fún ìlú mìíràn tí ọmọ tirẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Mo ti ro ìyẹn náà. Ó ń bà mí nínú jẹ́, n kò sì ní ohun tí n ó fi tù ọ́ nínú. Mo ti darúgbó, n kò rí i kí ó sàn rí ju ọdún díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ sọ pé rárá.

Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò gbọ́ pé èmi ni mo ní kí o kọ̀. Wọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gúnyán fún mi mọ́ nínú ìpàdé. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Mo ti jẹ iyán wọn tó.

Mo ka ìwé yìí sí ìyá rẹ létí lọ́sàn-án yìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí n kò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí, kò dúró, kò sì gbé ojú sókè, kódà nígbà tí mo dé ibi Yétúndé. Nígbà tí mo kà á tán, ó gbọn eèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ sí i pé mò ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Bí ó bá máa sọ pé rárá, kó wo ojú mi sọ ọ́."

Ó wọ yàrá lọ. Mo tẹ̀ lé e, mo rí i tí ó ń palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́bọ̀. Aṣọ òtútù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ọmọ Yétúndé, aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ló kọ́kọ́ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì náà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe ní Abẹ́òkúta. Ó ní òun fẹ́ kí o rí i.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ìkẹyìn nìyí, òun nìkan ni o lè tẹ̀ lé bí o bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Nígbà tí ìyá rẹ bá yọ aṣọ náà jáde níwájú gbogbo wọn, má tíì sọ nǹkan kan. Dìde lórí àga ìjọba tí o jókòó lé, kí o kúnlẹ̀ fún un, kí o gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o dì í mú. Lẹ́yìn náà kí o wo ojú rẹ̀, kí o sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tí ó rí gbogbo wa wà pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ náà. Èmi kò ní bá wọn wá.

Bàbá rẹ.